Ọlọ́pàá Nínú Asọ̀rọ̀mágbèsì: Bí Ẹjọ́ Gidi Ṣe Di Eré Orí Rédíò

Kí tẹlifíṣọ̀n tó gba ojúlé gbogbo, orúkọ kan wà tí àwọn òbí àti àwọn òbí àgbà wa ń pe rédíò: asọ̀rọ̀mágbèsì. Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀. A-sọ̀rọ̀-má-gba-èsì: ohun tó ń sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí kì í gba èsì. Ẹ lè bá a jà, ẹ lè bẹ̀ ẹ́, kò ní dá yín lóhùn. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni yóò máa sọ lọ. Ẹ fi orúkọ yìí sọ́kàn, nítorí a máa padà sí i.

Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé lónìí ni irú eré kan tó gbajúmọ̀ lórí rédíò ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1933 títí di ọdún 1957. Eré ọlọ́pàá ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtàn àròsọ lásán. Àwọn tó ń ṣe é máa ń mú ẹjọ́ gidi láti inú fáìlì àwọn ọlọ́pàá. Lọ́pọ̀ ìgbà wọ́n á yí orúkọ àwọn ènìyàn inú rẹ̀ padà, wọ́n á wá fi òṣèré àti oríṣiríṣi ìró gbé e kalẹ̀ fún àwọn olùgbọ́ láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Ẹ lè bi mí pé kí ló kan Yorùbá nínú èyí. Mo máa ń lo àwọn eré náà ní kíláàsì ni. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ mi gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju Yorùbá lọ, nítorí náà eré náà kò ṣòro fún wọn láti gbọ́. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mo bá ní kí wọ́n fi Yorùbá ròyìn ohun tí wọ́n gbọ́ fún mi. Kò sí àwòrán tí wọ́n lè nàka sí. Wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ẹni tó ṣe é, ibi tó ti ṣe é, ìgbà tó ṣe é, àti bí àwọn fúnra wọn ṣe mọ̀. Ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí, "báwo lo ṣe mọ̀?", ló máa ń le jù. Òun gan-an ló sì mú kí n kọ àpilẹ̀kọ yìí.

Nígbà tí ọkọ̀ ọlọ́pàá kò lè fèsì

Ní ọdún 1928, àwọn ọlọ́pàá ìlú Detroit bẹ̀rẹ̀ sí í fi rédíò bá àwọn ọkọ̀ wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ náà ń gbà. Ọlọ́pàá tó wà nínú ọkọ̀ ń gbọ́ ohun tí ọ́fíìsì ń sọ, ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀rọ tó lè fi dáhùn. Bí ó bá fẹ́ fèsì, àfi kó sọ̀kalẹ̀ lọ wá tẹlifóònù. Asọ̀rọ̀mágbèsì pọ́ńbélé nìyẹn! Kò pẹ́ tí àwọn ìlú ńlá mìíràn náà fi ṣe bẹ́ẹ̀, títí kan Los Angeles. Ohun tó wá dùn níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ rédíò inú ilé lè gbé àwọn ìkéde yìí. Ará ìlú á jókòó sí pálọ̀ rẹ̀ lálẹ́, á máa gbọ́ pé olè ti wọ ilé kan ní òpópónà báyìí-báyìí.

Kò yani lẹ́nu nígbà náà pé Los Angeles ni eré Calling All Cars ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1933. William N. Robson ló ń kọ ọ́, òun náà ló sì ń darí rẹ̀. Ilé iṣẹ́ epo bẹntiróòlù kan tó ń jẹ́ Rio Grande ló ń sanwó ètò náà, ó sì ń fi àyè yẹn polówó epo rẹ̀ pé òun ni ọkọ̀ ọlọ́pàá ń lò. James E. Davis, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá Los Angeles, a máa bọ́ sórí afẹ́fẹ́ láti ṣíde eré. Ẹni tó wá ń ké sí àwọn ọkọ̀ nínú eré náà kì í ṣe òṣèré rárá. Sájẹ́ǹtì Jesse Rosenquist ni, ọlọ́pàá tí iṣẹ́ rẹ̀ gan-an jẹ́ láti máa ké sí àwọn ọkọ̀. Ohùn tí àwọn ọlọ́pàá ń gbọ́ lójú pópó ni àwọn ọmọdé ń gbọ́ kí wọ́n tó lọ sùn. Eré náà parí ní ọdún 1939.

Èkejì tó yẹ kí ẹ mọ̀ wá láti ọwọ́ Phillips H. Lord. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 1935, ó bẹ̀rẹ̀ eré kan tó pè ní G-Men, nípa àwọn òṣìṣẹ́ FBI. Ìtàn John Dillinger ló fi ṣí i, olè tó ń ja báńkì lólè, tí wọ́n yìnbọn pa ní Chicago ní ọjọ́ 22 oṣù Keje ọdún 1934. Ẹ ka ọjọ́ méjèèjì yẹn dáadáa: ọdún kan kò tíì pé tí òkú fi di eré. J. Edgar Hoover, ọ̀gá FBI, ti fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n ohun tó gbọ́ kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó fẹ́ kí ará ìlú mọ̀ pé sùúrù, ìtẹ̀ka àti ìwádìí ni àwọn òṣìṣẹ́ òun fi ń mú ọ̀daràn. Lord ní tirẹ̀ fẹ́ ìró ìbọn. Lẹ́yìn abala 13, kálukú gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Ní ọdún 1936 Lord padà dé pẹ̀lú Gang Busters, tó ń lo ẹjọ́ àwọn ọlọ́pàá ìlú àti ti ìpínlẹ̀. Ariwo ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: fèrè ọlọ́pàá, ẹsẹ̀ àwọn ẹlẹ́wọ̀n tó ń rìn kìì-kìì, ìbọn tó ń dún ràtàtàtà. Ariwo náà pọ̀ débi pé ó wọ inú Gẹ̀ẹ́sì Amẹ́ríkà. Títí dòní, bí ẹnì kan bá fi tagbára-tagbára wọlé, wọ́n á ní ó dé bíi gangbusters. Ní ìparí eré, wọ́n á ka àpèjúwe àwọn tí ọlọ́pàá ń wá: bí wọ́n ṣe ga tó, àpá ojú wọn, bí wọ́n ṣe ń rìn. Eré yìí wà lórí afẹ́fẹ́ títí di ọdún 1957.

Sájẹ́ǹtì Ẹtì

Àmọ́ Dragnet ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, òun náà ló sì ń kọ mí lóminú jù.

Jack Webb, òṣèré rédíò tí kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, kó ipa kékeré kan nínú fíìmù He Walked by Night tó jáde ní ọdún 1948. Fíìmù náà fara jọ ẹjọ́ Erwin Walker, ọmọ ogun tẹ́lẹ̀ rí tó pa ọlọ́pàá kan ní ọdún 1946. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan láti Los Angeles, Sájẹ́ǹtì Marty Wynn, ló ń gba àwọn tó ń ṣe fíìmù náà nímọ̀ràn. Wynn ráhùn fún Webb pé eré ọlọ́pàá orí rédíò kò jọ iṣẹ́ tí àwọn ń ṣe rárá. Kí ló dé tí ẹnì kan kò ṣe é bó ṣe rí? Ọ̀rọ̀ náà wọ Webb lára. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ọlọ́pàá jókòó nínú ọkọ̀ wọn lóru, ó ń tẹ́tí sí bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀, àwọn ọ̀rọ̀ kúkúrú tí wọ́n ń lò láàárín ara wọn, bí ohùn wọn kì í ṣe é lọ sókè bó ti wù kí ọ̀rọ̀ náà burú tó. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún 1949, Dragnet bẹ̀rẹ̀ lórí NBC.

Webb fúnra rẹ̀ ló ń ṣe Sájẹ́ǹtì Joe Friday, tí nọ́ńbà báàjì rẹ̀ jẹ́ 714. Ẹ jẹ́ kí n dánu dúró díẹ̀ níbí. Ẹ mọ̀ pé Friday ni a ń pè ní ọjọ́ Ẹtì ní Yorùbá, ẹ sì mọ̀ pé kí nǹkan tì ni pé kó má ṣeé ṣe. Ọlọ́pàá tí nǹkan kì í tì, òun ni wọ́n sọ ní Ẹtì! Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan ló kọ́kọ́ ṣe àkíyèsí yìí, ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Kí ló yàtọ̀ nínú Dragnet? Ìdákẹ́jẹ́ ni. Bí eré bá ti bẹ̀rẹ̀, Friday á sọ ọjọ́ tí ó jẹ́, bí ojú ọjọ́ ṣe rí, ẹ̀ka tí òun ti ń ṣiṣẹ́, orúkọ ẹnìkejì rẹ̀ àti ti ọ̀gá wọn, á sì dárúkọ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ náà sì ń súni. Wọ́n á kan ilẹ̀kùn, ẹni tó wà nílé kò ní mọ nǹkan kan. Wọ́n á kan òmíràn. Wọ́n á tẹ ènìyàn láago, wọ́n á dúró de ìwé láti ọ́fíìsì mìíràn, wọ́n á mu sìgá, wọ́n á sọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ àti ìyàwó. Láti inú àwọn ìdúró wọ̀nyí ni ẹ̀rí kékeré kan á ti yọjú. Àwọn òṣèré kì í pariwo. Webb fẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ bí ènìyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé rẹ̀, kò sì fẹ́ kí wọ́n ṣe bí ẹni tó wà lórí ìtàgé.

Ìró ṣe pàtàkì gan-an. Ẹ máa gbọ́ bí ilẹ̀kùn ṣe ń ṣí, bí ẹsẹ̀ ṣe ń gun àtẹ̀gùn, bí bíírò ṣe ń kọ̀wé. Èyí máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nítorí ọ̀rọ̀ tí a ní fún irú ọlọ́pàá bẹ́ẹ̀. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni ẹni tó ń tẹ ilẹ̀ jẹ́jẹ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dún. Ṣùgbọ́n lórí rédíò, bí ẹsẹ̀ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kò bá dún, kò sí níbẹ̀ nìyẹn. (Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ṣe ń rìn nínú ìtàn àròsọ tiwa, ẹ wá Àjà Ló Lẹrù tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ ní ọdún 1969. Lápàdé, akọni inú rẹ̀, ti ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá rí, kò sì dákẹ́ jẹ́jẹ́ bíi Friday rárá.)

Barton Yarborough ló ń ṣe Ben Romero, ẹnìkejì Friday. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1951 àrùn ọkàn pa Yarborough lójijì. Wọn kò fi òṣèré mìíràn rọ́pò rẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́. Romero náà kú nínú eré, ikú kan náà, àwọn olùgbọ́ sì gbọ́ bí Friday ṣe gba ìròyìn náà. Mi ò mọ eré púpọ̀ tó ṣe bẹ́ẹ̀ fún òṣèré wọn.

Ìbọn tí wọ́n fi ṣe ẹ̀bùn Kérésì

Bí abala kan ṣoṣo bá wà tí ẹ máa gbọ́, kó jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe ní ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá ọdún 1949, .22 Rifle for Christmas. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá fẹ́ mọ òpin rẹ̀ ṣáájú, ẹ fo ìpínrọ̀ méjì tó tẹ̀lé èyí.

Ọmọkùnrin kan sọnù nígbà tí Kérésì ti sún mọ́lé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń gbé nítòsí náà kò sí nílé. Àwọn ọlọ́pàá rí ẹ̀jẹ̀ àti ìhà ọta ìbọn kékeré kan. Olùgbọ́ á ti máa rò pé òṣìkà kan ló wọ àdúgbò. Kò sí òṣìkà kankan. Àwọn òbí ọmọ kan ti ra ìbọn kékeré pamọ́ fún un láti fi ṣe ẹ̀bùn Kérésì, àwọn ọmọ náà sì rí i ṣáájú ọjọ́. Bí wọ́n ṣe ń fi í ṣeré, ọ̀kan ṣubú, ìbọn dún, ọmọ náà kú. Ẹ̀rù ba èkejì, ó gbé òkú ọ̀rẹ́ rẹ̀ pamọ́, ó ń gbàdúrà pé kó jí.

Ohun tí baba ọmọ tó kú ṣe ni pé ó kó gbogbo ẹ̀bùn Kérésì tó yẹ kó jẹ́ ti ọmọ rẹ̀, ó sì kó o fún ọmọ kejì. Friday kò wàásù. Kò sí ẹni tí wọ́n mú, kò sí ẹni tí wọ́n lé. Mo ti gbọ́ abala yìí ju ìgbà mẹ́wàá lọ, ibẹ̀ yẹn kan ń gbà mí lọ́rọ̀ lẹ́nu síbẹ̀.

Òótọ́ ta ni?

Gbogbo abala Dragnet ló ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìkéde pé òótọ́ ni ìtàn náà, pé orúkọ nìkan ni wọ́n yí padà kí wọ́n lè dáàbò bo àwọn tí kò mọwọ́mẹsẹ̀. Bí ó bá sì ti ń parí, olóòtú á sọ ọjọ́ tí ilé ẹjọ́ jókòó, ìdájọ́, àti iye ọdún tí wọ́n fi ẹni náà sí ẹ̀wọ̀n. Ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀.

Níbo ni òótọ́ náà ti wá? Ẹ̀ka ọlọ́pàá Los Angeles ló ń fún Webb ní fáìlì. Òun náà á kọ ìwé eré, á gbé e lọ fún àwọn ọlọ́pàá kí wọ́n kà á kó tó lọ sórí afẹ́fẹ́. Bí ohun kan bá wà níbẹ̀ tí kò bójú mu lójú tiwọn, wọ́n á ní kó yọ ọ́. Webb kò fi èyí pamọ́. Ó fi ń yangàn ni, wọ́n sì ń dárúkọ ọ̀gá ọlọ́pàá láti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú eré. Mi ò bá a wí lórí bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ìta stúdíò.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1949 kan náà tí Dragnet bẹ̀rẹ̀, Clemence Horrall, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá Los Angeles, fi ipò sílẹ̀ nígbà tí ariwo ta pé àwọn ọlọ́pàá kan ń gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀. William Parker gba ipò náà ní ọdún 1950, ó sì mọ iyì tí eré rere lè fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 1951, Dragnet kọ́kọ́ yọjú lórí tẹlifíṣọ̀n. Ní ọjọ́ kẹsàn-án sí i, ní òwúrọ̀ Kérésì, àwọn ọlọ́pàá Los Angeles lu ọ̀dọ́kùnrin méje tó wà ní àtìmọ́lé lálùbami; márùn-ún nínú wọn jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà tí ìran wọn wá láti Mẹ́síkò. Bloody Christmas ni wọ́n ń pe ìṣẹ̀lẹ̀ náà títí dòní. Ilé ẹjọ́ fẹ̀sùn kan ọlọ́pàá mẹ́jọ, ó sì dá márùn-ún lẹ́bi. Wọ́n lé 39 kúrò lẹ́nu iṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì ṣí 54 nípò padà. Ẹjọ́ gidi ni ìyẹn náà. Fáìlì rẹ̀ wà. Kì í ṣe irú fáìlì tí wọ́n ń gbé lé Webb lọ́wọ́.

Àwọn àgbà wa ní agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Nínú eré wọ̀nyí, ẹnìkan ṣoṣo ló ń rojọ́, òun náà ló mú fáìlì wá, òun náà ló ka ìwé eré. Afurasí lè sọ̀rọ̀ nínú eré, ṣùgbọ́n ọlọ́pàá ti gbọ́ ohun tó máa sọ kó tó sọ ọ́. Ẹ rò ó wò: ìyá kan tí wọ́n pa ọmọ rẹ̀ jókòó sí pálọ̀, ó gbọ́ tí òṣèré ń fi orúkọ mìíràn sunkún tirẹ̀. Kí ni yóò ṣe? Ṣé yóò fèsì ni? Ẹ rántí orúkọ tí a pe rédíò.

Síbẹ̀ mi ò lè sọ pé irọ́ ni Dragnet. Abala ìbọn Kérésì yẹn sọ òótọ́ kan nípa ìbọn àti ọmọdé tí ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn kò lè sọ tán. Ohun tí mo ń sọ ni pé òótọ́ tó wà níbẹ̀ ní ẹni tó ni ín.

Ní London ńkọ́?

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Bìrìtìkó, ẹ má rò pé wọ́n gbàgbé yín. Ní Scotland Yard, àwọn ọlọ́pàá London ní yàrá kan tí wọ́n ti ń kó ohun ẹ̀rí jọ láti àwọn ọdún 1870: ìbọn, ọ̀bẹ, ìgò májèlé, okùn. Black Museum ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀. Crime Museum ló ń jẹ́ báyìí. Ará ìlú kì í wọ ibẹ̀, àmọ́ ní ọdún 2015 Museum of London kó díẹ̀ nínú àwọn ohun náà jáde fún àwọn ènìyàn láti wò.

Ní nǹkan bí ọdún 1951, eré méjì jáde láti inú yàrá kan ṣoṣo yìí. The Black Museum ni ti Orson Welles, tí Harry Alan Towers gbé jáde. Welles á máa rìn láàárín àwọn ohun ẹ̀rí, á mú ọ̀kan, á sọ ìtàn rẹ̀. Ohùn rẹ̀ dùn, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà mìíràn ohùn náà a máa bo ẹni tó kú mọ́lẹ̀. Èkejì ni Whitehall 1212, nọ́ńbà tẹlifóònù Scotland Yard nígbà náà. Wyllis Cooper ló kọ ọ́ fún NBC, òṣèré Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló sì wà nínú rẹ̀. Ó rọra ń lọ ju ti Welles lọ. Àwọn ẹjọ́ kan náà wà nínú àwọn eré méjèèjì, nítorí náà ẹ lè gbọ́ ìtàn kan lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ sì wo ohun tí ẹnì kan fi kún un, tí ẹnìkejì yọ kúrò. Kò sí ẹ̀kọ́ tó dára ju ìyẹn lọ fún ẹni tó fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń fi "òótọ́" ṣe eré.

Kó o tó pè é ní ọ̀daràn

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí kíláàsì. Ní ọdún tó kọjá, mo fi abala Dragnet kan síta, mo dá a dúró lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, mo ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kan ròyìn. Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa: "Ọ̀daràn náà wọ ilé ìtajà, ó jí owó." Mo ní, "Ta ló sọ fún ẹ pé ọ̀daràn ni?" Ó ní, "Ọlọ́pàá ló sọ bẹ́ẹ̀, Àǹtí." Mo ní kó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹ wo àwọn ọ̀rọ̀ yìí bí wọ́n ṣe tò tẹ̀lé ara wọn. Afurasí ni ẹni tí a ń fura sí: a-fura-sí. Nínú ọ̀rọ̀ náà gan-an, àwa tí à ń fura ló ń ṣe nǹkan. Òun kò tíì ṣe nǹkan kan. Bí wọ́n bá gbé e dé ilé ẹjọ́, ó di olùjẹ́jọ́, ẹni tó ń jẹ́ ẹjọ́, tó ń dáhùn. Ìgbà tí adájọ́ bá dá a lẹ́bi ló tó di ọ̀daràn, ẹni tó dá ọ̀ràn. Bí wọ́n bá fi í sí ẹ̀wọ̀n, ẹlẹ́wọ̀n ni. Ènìyàn kan náà ni, orúkọ mẹ́rin. Ẹni tó bá fo méjì àkọ́kọ́ ti dá ẹjọ́ kí adájọ́ tó dé.

Ohun kejì ni bí a ṣe ń fi hàn ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá. Bí ẹ bá sọ pé "ó jí owó náà," ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, ẹ̀yin lẹ máa jẹ́rìí sí i. "Wọ́n ní ó jí owó náà" ti gbé ẹrù náà kúrò lórí yín sórí ẹlòmíràn. "Ó jọ pé òun ló jí i" túmọ̀ sí pé ẹ rí àmì kan, ẹ kò rí iṣẹ́ náà. "Ó jẹ́wọ́ pé òun ló jí i" tún yàtọ̀: ẹnu òun fúnra rẹ̀ ló ti jáde. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹ wà níbẹ̀, a ní ọ̀rọ̀ tó ṣe kedere: "mo fojú ara mi rí i." Bí màmá mi bá ń ròyìn ìjà tó ṣẹlẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ilé wa, "wọ́n ní" á jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ogún ìgbà, àfi ibi tó ti bọ́ síta lọ wòran fúnra rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì. "Wọ́n ní ọkùnrin kan wọ ilé ìtajà. Owó sọnù. Àwọn ọlọ́pàá ń fura sí i." Ó dánu dúró, ó wò mí, ó ní, "Àǹtí, ìtàn náà ti kéré." Bẹ́ẹ̀ ni. Ó ti kéré nítorí ohun tí a mọ̀ kò pọ̀.

Bí ẹ ṣe lè bẹ̀rẹ̀ nílé

Nígbà náà, àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ńlá tí ìbú rẹ̀ tó ínṣì 16 ni wọ́n ń ká àwọn eré bẹ́ẹ̀ sí fún àwọn ilé iṣẹ́ rédíò. Púpọ̀ ló bàjẹ́, àmọ́ àwọn tó ń kó wọn jọ dá ọ̀pọ̀ sí, ẹ sì lè rí wọn gbọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní Internet Archive.

Kí ẹ tó gbọ́ èyíkéyìí, ẹ kọ ìbẹ̀rẹ̀ tiyín bíi ti Friday, ní Yorùbá: ọjọ́, ojú ọjọ́, ibi iṣẹ́, ọ̀gá, orúkọ. Ẹ wo èyí tí ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kọ: "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Òjò ń rọ̀ ní Peckham. Iṣẹ́ òwúrọ̀ ni mo ń ṣe ní ilé ìdáná. Màmá mi ni ọ̀gá mi. Ẹran kan ti sọnù nínú ìkòkò ọbẹ̀." Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀yin náà ní ẹjọ́ tó jọ èyí nílé.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbọ́ abala ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá ọdún 1949 yẹn títí dé òpin. Ẹ kọ gbólóhùn mẹ́wàá nípa rẹ̀. Nínú márùn-ún àkọ́kọ́, ẹ má lo ọ̀rọ̀ kankan tí ẹ kò lè dáhùn "báwo lo ṣe mọ̀?" fún. Márùn-ún tó kù, ẹ kọ ọ́ láti ẹnu ìyá ọmọ tó yè. Ẹ jẹ́ kó fèsì.